Káàmù ilé tàbí káàmù ìta: èwo ni kí n fi sínú 350 àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ tò?

Àkànní_C10

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ẹlẹ́ńjìnnì. Pick-up Chevrolet C10 ọdún 1979 ni mo ní níbí ní Houston. Ẹ́ńjìnnì ara rẹ̀ ti ń mu ọ́ìlì bí ẹní mu omi, torí náà mo ra 350 mìíràn, ẹ́ńjìnnì V8 Chevrolet, tí wọ́n yọ lára pick-up 1998, irú tí wọ́n ń pè ní L31, pẹ̀lú tọ́ọ̀pù sìlíńdà Vortec méjèèjì. Mo ti tú u palẹ̀. Búlọ́ọ̀kì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá mi bọ́ọ̀ ọ́, wọ́n ń fi 0.030 íǹṣì fẹ ihò sìlíńdà. Èmi fúnra mi ni màá tò ó padà, n kò sì tíì to ẹ́ńjìnnì kankan rí.

Káàmù, ọ̀pá oníkókó tó ń ṣí fáàfù, ló dá mi dúró. Káàmù ilé, ìyẹn èyí tó bá a wá, ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní kí n jù ú nù, kí n ra Magnum 280H ti Comp Cams, ó ní ohùn rẹ̀ máa ń mi ilẹ̀ tìtì ní sílóò. Kabúrétọ̀ ni mo fẹ́ lò, n kò fẹ́ kọ̀ǹpútà. Gíà rẹ̀ ni TH350, kọ́ńfátà rẹ̀ (èyí tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà) ti ilé ni, ásù ẹ̀yìn 3.08 (ọ̀pá á yí ìgbà 3.08 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan). Màá máa gbé e lọ síbi iṣẹ́, màá sì máa fi fa tírélà kékeré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èwo ni kí n mú?

Bàbá_Tápẹ́ẹ̀tì

Àkànní, fi owó ẹ sápò ná. 280H kì í ṣe káàmù burúkú, ọkọ̀ tìrẹ ni kò bá a mu.

Dùréṣọ̀n ni iye dígírì tí kíráńkì máa yí láti ìgbà tí fáàfù bá ṣí títí tó fi máa tì. Má wo èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí, torí oníkálukú ló ní ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Wo èyí tí wọ́n kà láti ìgbà tí lífítà (ẹ̀yà tó ń gun kókó káàmù) bá ti gbéra ní 0.050 íǹṣì. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń sọ èdè kan náà. Káàmù ilé L31 jẹ́ 191 fún ìwọlé, 196 fún ìjáde. Ìgbésókè fáàfù rẹ̀ jẹ́ 0.414 àti 0.428, LSA (dígírì tó wà láàárín ṣóńṣó kókó ìwọlé àti ti ìjáde) 111. 280H jẹ́ 230 ní ìhà méjèèjì, ìgbésókè 0.480, LSA 110.

Dígírì 39 ló wà láàárín wọn lápá ìwọlé. Ohun tó máa fi ṣe ọ́ ni pé fáàfù ìwọlé á pẹ́ kó tó tì. Písítìnì ti dé ìsàlẹ̀, ó ti ń gòkè bọ̀, fáàfù ṣì lanu sílẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 4,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, atẹ́gùn tó ń rọ́ wọlé lágbára tó, kò ní padà. Ní 1,500, ńṣe ni písítìnì á máa tì í padà sínú manífóòdù, kọ́ḿpíréṣọ̀n á sì bá a lọ. Pẹ̀lú ásù 3.08 àti táyà íǹṣì 28, bí o bá ń sá máìlì 60 láàárín wákàtí kan, bíi 2,200 péré ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Ibẹ̀ ni 280H ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí lójú oorun. Tírélà ń kọ́? Gbogbo ibi tí iná bá ti dá ọ dúró lo ti máa máa bẹ̀ ẹ́ kó gbéra.

Ohùn tó ń mi ilẹ̀ yẹn, èéfín ló ń padà wọ ibi ìwọlé torí pé fáàfù méjèèjì jọ ṣí pẹ́ jù. Fákúùmù á já wálẹ̀ ní sílóò, bùsítà bùréèkì kò ní rí nǹkan fà, pẹ́dà á le bí òkúta. Bí ojú káàmù ilé bá ṣì dára, dá a padà síbẹ̀. Agbára ẹṣin 255 ni L31 fi jáde nílé iṣẹ́, tọ́ọ̀kì rẹ̀ (agbára ìyípo) 330 sì ti pé ní 2,800. Iṣẹ́ tí o fẹ́ rán an gan-an nìyẹn.

Sààmú_Ẹ̀rọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò jẹ̀bi lórí 280H, ṣùgbọ́n ká tún lọ dá 191 padà sínú ẹ́ńjìnnì tí èèyàn ná owó bọ́ọ̀? Lẹ́yìn 4,600 kò sí nǹkan kan mọ́ níbẹ̀. Àárín méjèèjì ni kó mú. XE262H wà níbẹ̀: 218/224 ní 0.050, ìgbésókè 0.462 àti 0.469, LSA 110. Iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1,300 dé 5,600, kọ́ńfátà ilé gbà á. Olójú pẹlẹbẹ ni (lífítà rẹ̀ kò ní rólà), kò wọ́n, a sì lè rà á pẹ̀lú lífítà tuntun 16 nínú páálí kan náà.

Ọmọ_Ládìípọ̀

Ẹ má bínú sí mi o. Níbi tiwa ní Mushin, tí wọ́n bá ti ní aftermarket, ìyẹn ti ìta, Chinco la mọ̀ ọ́n sí. Bẹ́líjíọ̀mù tó jẹ́ ojúlówó sàn ju tuntun Chinco lọ nígbàkígbà. Tí káàmù ilé bá wà lọ́wọ́ èèyàn, kí ló tún ń wá kiri? Fi èékánná họ orí rẹ̀; tí kò bá ti kọ́ ọ lọ́wọ́, dá a padà.

Ìyá_Rólà

Ọmọ Ládìípọ̀, nǹkan méjì ni wọ́n ń pe orúkọ yẹn mọ́ lọ́hùn-ún. Èkíní ni ẹ̀yà ìpààrọ̀ tí ẹlòmíì ṣe kó lè dà bíi ti ilé, ibẹ̀ ni ti Chinco tó ń dùn ẹ́ wà. Èkejì ni káàmù tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ lọ́nà mìíràn kí ẹ́ńjìnnì lè mí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èkejì ni Àkànní ń béèrè.

Sààmú, ìwọ ni mo wá bá gan-an. O ò béèrè irú lífítà tí búlọ́ọ̀kì náà ń lò. L31, onírólà ni láti ilé iṣẹ́, lífítà rẹ̀ ní àgbá kékeré tó ń yí lórí káàmù. Àkànní, wo àárín ibi tí manífóòdù máa ń jókòó sí: wàá rí páànù kan tó lápá bí aláǹtakùn, bóòtù mẹ́ta ló dè é mọ́lẹ̀. Òun ló ń tẹ àwọn páànù kéékèèké tó di lífítà mú mọ́lẹ̀ kí lífítà má baà yí ẹ̀gbẹ́. Ní iwájú, páànù pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn jíà káàmù, bóòtù méjì, òun ni kì í jẹ́ kí káàmù rìn síwá sẹ́yìn. Gbogbo èyí lo ti ní láìná kọ́bọ̀. Lífítà rólà ilé tó bá ṣì dán lè jókòó lórí káàmù onírólà tuntun. Ti olójú pẹlẹbẹ kò rí bẹ́ẹ̀: lífítà tó ti bá lóòbù (kókó káàmù) kan ṣe iṣẹ́ kò gbọdọ̀ kúrò lórí lóòbù yẹn láé, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ lórí káàmù tuntun.

Ta ló máa fi rólà sílẹ̀ lọ bá pẹlẹbẹ nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́? Ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni pẹlẹbẹ máa ń kú. Ojú lífítà rẹ̀ kò tẹ́jú pátápátá, ó yọ díẹ̀ láàárín. Lóòbù náà sì rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìdí rẹ̀ ni kí lífítà lè máa yí bó ṣe ń gòkè sọ̀kalẹ̀. Ọ̀kan tó bá kọ̀ tí kò yí, lóòbù rẹ̀ á jẹ tán, irin tó jẹ dànù á sì gba inú ọ́ìlì wọ gbogbo bíárìn.

Ẹnikẹ́ni kò sì tíì dárúkọ tọ́ọ̀pù sìlíńdà. Vortec ilé kò fẹ́ràn ìgbésókè gíga. Láti bíi 0.470, rìténà (àwo tó di sípíríǹgì fáàfù mú) á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá sílì fáàfù lórí. Sípíríǹgì rẹ̀ rọ̀, sítọ́ọ̀dù rọ́kà rẹ̀ (ọ̀pá tó di rọ́kà, apá tó ń tẹ fáàfù, mú) ni wọ́n kàn gbá wọlé, wọn kò ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń yí i wọlé. Fi sípíríǹgì líle sí i, á máa fà á yọ díẹ̀díẹ̀.

Sààmú_Ẹ̀rọ

Mo gbà pé n kò béèrè nípa búlọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà máa sá fún pẹlẹbẹ bí ẹni rí ejò. Ihò lífítà méjèèjì kò yàtọ̀, 0.842 ni, pẹlẹbẹ á wọ búlọ́ọ̀kì yẹn dáadáa. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ìlànà kò ní sunkún:

Fi ìpara mólì pa gbogbo lóòbù àti ìdí lífítà. Fi dírìlì yí pọ́ǹpù ọ́ìlì títí ọ́ìlì á fi jáde lójú gbogbo rọ́kà. Má fi sítáátà gbá ẹ́ńjìnnì kiri títí ìpara á fi nù kúrò. Ojú iná gbọ́dọ̀ ti wà ní títò, kabúrétọ̀ ti ní epo, rédíétọ̀ ti kún, kó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan tí o bá kíkì í ló ń gbéra. Bó bá ti dún, gbé e lọ sí 2,000 lójú ẹsẹ̀, kó dúró gbọnin síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Má fi sílẹ̀ ní sílóò rárá. Lo ọ́ìlì tí síńkì rẹ̀ tó 1,200 ppm. Ọ́ìlì ọkọ̀ ìgbàlódé kò ju bíi 800 lọ mọ́, nítorí kátálístì inú sáílẹ́ńsà.

Bàbá_Tápẹ́ẹ̀tì

O sọ ọ́ dáadáa, àyàfi ibi "gbọnin". Kò gbọdọ̀ dúró sójú kan. Máa gbé e láàárín 1,500 àti 2,500, sókè sódò. Ọ́ìlì tí kíráńkì ń fọ́n ló ń rọ̀ sórí lóòbù, bí eré bá sì ṣe ń yí padà ni ibi tó ń fọ́n dé ń yí padà. Lẹ́yìn náà, fi máàkà fa ìlà sára púṣírọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan (ọ̀pá tó wà láàárín lífítà àti rọ́kà) kí o tó kíkì í. Bí ìlà náà bá ń yí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, lífítà ń yí. Èyí tí kò bá yí, pa ẹ́ńjìnnì kíákíá.

0.469 lórí Vortec ilé tún ti jókòó sí etí kànga. Rólà sọ òótọ́.

Àkànní_C10

Mo dúpẹ́ gan-an ni. Mo ti rí aláǹtakùn náà, ó wà níbẹ̀. Káàmù ilé ni ọkàn mi ń fà sí báyìí. Ṣé èékánná tí ẹ̀gbọ́n Ládìípọ̀ wí ti tó láti fi mọ̀ pé ó dára?

Ìyá_Rólà

Kò tó. Èékánná á mọ̀ bí ojú rẹ̀ bá họ, kò lè mọ̀ bó bá ti jẹ wálẹ̀ déédéé. Wá máíkírómítà. Wọn lóòbù láti ṣóńṣó orí rẹ̀ dé ìdí, kí o wá yí i ní 90 dígírì, wọ̀n ọ́n ní ìbú. Yọ ìbú kúrò nínú gíga. Ohun tó bá kù ni ìgbésókè lóòbù. Rọ́kà ló ń sọ ọ́ di ìlọ́po 1.5, torí náà L31 yẹ kó fún ọ ní 0.276 fún ìwọlé àti bíi 0.285 fún ìjáde. Bí ọ̀kan bá fi 0.005 kéré sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ti ń jẹ. Wọn ọrùn márààrún náà pẹ̀lú, 1.868 ló yẹ kí wọ́n súnmọ́.

Kọ ọ́ sílẹ̀ lóòbù lóòbù, méjìdínlógún kọ́ o, mẹ́rìndínlógún ni.

Àkànní_C10

Mo ti wọ̀n ọ́n. Ìjáde mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wà láàárín 0.284 àti 0.286. Ìwọlé méje wà ní 0.275 tàbí 0.276. Ìwọlé ti sìlíńdà kẹfà ni 0.263. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ojú rẹ̀ sì ń dán bíi ti yòókù o, èékánná kò kọ́.

Ọmọ_Ládìípọ̀

Háà! Mo gba ẹ̀bi èékánná mi. 0.013 ti lọ.

Ìyá_Rólà

Ìyẹn ti parí ìjà káàmù ilé, gbé e sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n káàmù nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ kàn. Lóòbù onírólà kì í dédé jẹ. Mú lífítà tó wà lórí rẹ̀, fi òróró nù ún, gbé e sí etí, fi ìka yí rólà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń há, tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, tàbí tó ń mì sọ́tùn-ún sósì, abẹ́rẹ́ kéékèèké inú rẹ̀ ló ti bàjẹ́. Má wulẹ̀ pààrọ̀ ìyẹn nìkan, ra mẹ́rìndínlógún. Kí o tó dá búlọ́ọ̀kì padà sílé, ní kí wọ́n yọ gbogbo ìdí tó dí ọ̀nà ọ́ìlì, iwájú àti ẹ̀yìn, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gígùn gba inú wọn. Irin tó jẹ yẹn wà níbì kan nínú rẹ̀. Pọ́ǹpù ọ́ìlì àtijọ́ kò gbọdọ̀ padà wọlé pẹ̀lú.

Bàbá_Tápẹ́ẹ̀tì

Bó ti rí yìí, káàmù onírólà ti ZZ4, ẹ́ńjìnnì 350 kan ti Chevrolet, ni kí o wò. Chevrolet fúnra wọn ló ṣe é, a lè ní ó jẹ́ káàmù ìta tó ti ilé wá. 208/221 ní 0.050, LSA 112, ìgbésókè 0.474 àti 0.510 pẹ̀lú rọ́kà 1.5. Ìwọlé 208 yẹn kò ní pẹ́ jù kó tó tì, tírélà rẹ á gbéra. Ìjáde rẹ̀ gùn nítorí ibi tí èéfín ń gbà jáde lára tọ́ọ̀pù sìlíńdà wọ̀nyí kò mí tó ti ìwọlé.

Sààmú_Ẹ̀rọ

Bí ó bá ti máa fọwọ́ kan tọ́ọ̀pù sìlíńdà náà, Hot Cam, káàmù onírólà mìíràn ti Chevrolet, ńkọ́? 218/228, LSA 112, 0.492 pẹ̀lú rọ́kà 1.5.

Bàbá_Tápẹ́ẹ̀tì

Pẹ̀lú kọ́ńfátà ilé àti 3.08? Rárá. Bó bá pààrọ̀ ásù sí 3.73, ká tún jókòó sọ ọ́.

Dígírì_360

Èyíkéyìí tí o bá rà, 0.510 máa bá Vortec jà bí o kò bá múra. Jẹ́ kí wọ́n fi sípíríǹgì tó rí bí ilé oyin sí i, èyí tó fẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì rọ́ lókè. Rìténà rẹ̀ kéré, ó fúyẹ́, á fi àyè sílẹ̀ lórí sílì. Kí fáàfù ṣí dé òpin, kí àyè tó kù láàárín rìténà àti sílì má dín sí 0.050, kí sípíríǹgì náà sì kù tó 0.060 kó tó lẹ̀ mọ́ra. Fúnra rẹ wọ̀n ọ́n, má gba "ó dára" lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ohun kejì ni ibi tí káàmù jókòó sí ní tòótọ́. Àmì tó wà lórí jíà lè yẹ̀ ní dígírì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. So àwo dígírì mọ́ iwájú kíráńkì. Fi ìdádúró písítìnì wá òkè gan-an ti sìlíńdà kìíní: yí kíráńkì títí písítìnì á fi kan ìdádúró, ka dígírì, yí i padà sí òdìkejì títí tó fi tún kàn án, kà á, àárín méjèèjì ni òkè. Yọ ìdádúró náà kúrò. Gbé aago ìwọ̀n lé lífítà ìwọlé sìlíńdà kìíní, wá ibi tó ga jù, fi aago sí òdo. Wá kà á ní 0.050 kó tó dé òkè àti 0.050 lẹ́yìn tó kọjá òkè. Ká ní o rí 74 àti 142 lẹ́yìn òkè písítìnì. Ro wọ́n pọ̀, 216. Pín in sí méjì, 108: ibẹ̀ ni ìwọlé ti ṣí jù. Bí káàdì tó bá káàmù wá bá sọ 106, káàmù rẹ fi dígírì méjì pẹ́. Bí o bá ti ń kà á, ọ̀nà kan náà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ni kí o máa yí i. Bí o bá ré kọjá ibi tí o fẹ́ kà, padà sẹ́yìn dáadáa kí o tó tún bọ̀, torí ṣéènì máa ń dẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, amọ̀ tí ọmọdé fi ń ṣeré: lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí písítìnì, fi gáásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ de tọ́ọ̀pù sìlíńdà, yí ẹ́ńjìnnì yípo méjì, tú u, gé amọ̀ náà pẹ̀lú abẹ. Ibi tó fẹ́lẹ́ jù gbọ́dọ̀ tó 0.080 lábẹ́ ìwọlé, 0.100 lábẹ́ ìjáde. Lífítà oní-ọ́ìlì á rọ̀ mọ́ra bí o bá ń ṣe èyí, á sì parọ́ fún ọ. Wá lífítà líle kan tàbí sípíríǹgì rírọ̀ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọ_Ládìípọ̀

Rọ́kà ńkọ́? Bí a bá ti yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ dé ibi tí púṣírọ́ọ̀dù kò mì mọ́, odindi yíyí kan ló kù. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é.

Dígírì_360

Ìdajì yíyí. Nọ́ọ̀tì orí sítọ́ọ̀dù 3/8 ń lọ sílẹ̀ ní bíi 0.042 fún odindi yíyí kan. Ìdajì rẹ̀ tó fún lífítà.

Bàbá_Tápẹ́ẹ̀tì

Odindi tàbí ìdajì, ẹ̀yin méjèèjì wà nínú ààyè tí lífítà gbà. Ibi tí àwọn tó ń ṣe é nígbà àkọ́kọ́ ti ń ṣìnà ni òdo. Wọn á máa fi ìka yí púṣírọ́ọ̀dù, wọn á ní "ó ti ń le", kí ó tó di ìgbà yẹn wọ́n ti tẹ inú lífítà tuntun wọlé. Má yí i. Gbé e sókè sódò láàárín ìka méjì. Nígbà tí kò bá ti ní ìmì sókè sódò mọ́, òdo nìyẹn, ibẹ̀ ni kí o ti ka ìdajì yíyí rẹ. Bí fáàfù ìjáde bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí, ṣe ìwọlé sìlíńdà yẹn. Bí ìwọlé bá ti ṣí tán tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tì, ṣe ìjáde.

Àkànní_C10

ZZ4 ni màá mú, pẹ̀lú lífítà tuntun àti sípíríǹgì ilé oyin. Rólà ti lífítà kẹfà yẹn ń há lóòótọ́, mo ti pe àwọn tó ń bọ́ọ̀ kí wọ́n ṣí gbogbo ọ̀nà ọ́ìlì. Ṣé nǹkan kan kù tí mo gbọ́dọ̀ rà pa pọ̀ kí n má baà ná owó lẹ́ẹ̀mejì?

Ìyá_Rólà

Mẹ́ta. Manífóòdù oníkabúrétọ̀ tó jẹ́ ti Vortec, bóòtù mẹ́jọ. Ti 1979 rẹ kò ní bá ihò rẹ̀ mu. Rọ́kà: ti Vortec ní etí tó fi ń di orí fáàfù mú, má ṣe tún fi páànù ìtọ́sọ́nà púṣírọ́ọ̀dù sí i, àwọn méjèèjì á máa jà. Ẹ̀kẹta ni jíà ìdí dísítíríbútọ̀. Irin àmúlágbára ni wọ́n fi ń ṣe káàmù onírólà, ó máa ń jẹ jíà irin àtijọ́ bí eyín eku. Béèrè fún jíà tí wọ́n ti fi iná mú ojú rẹ̀ le, melonized ni wọ́n ń kọ sára páálí rẹ̀.

Sààmú_Ẹ̀rọ

Mẹ́rin. Wo iwájú búlọ́ọ̀kì náà lápá ọ̀tún, níbi tí pọ́ǹpù epo alápá ti máa ń dúró. Ọ̀pọ̀ L31 ni wọn kò gbẹ́ ibẹ̀ rárá. Bó bá dí pa, pọ́ǹpù iná ló kù, èyí tí ipá rẹ̀ wà láàárín psi 5 àti 7. Má gbé ti ọkọ̀ oníjẹ́kìṣọ̀n wá, á borí abẹ́rẹ́ kabúrétọ̀, epo á sì máa ṣàn bo manífóòdù.